Ẹ̀kán Omi Lórí Irin Pípọ́n

Kò sí ọmọ alágbẹ̀dẹ tí kò mọ ìró tí irin gbígbóná máa ń ké nígbà tí a bá tì í bọ omi. Kò sì sí alágbàfọ̀ àtijọ́ tí kò fi ìka tí ó tọ́ sínú omi kan ìdí áyọ́ọ̀nù eléèédú rí, láti mọ̀ bóyá ó ti gbóná tó. Bí ó bá dún ṣàà, tí omi náà sì gbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, iṣẹ́ yá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ lórí irin tí ó bá gbóná rékọjá ààlà, tí ó sì lòdì pátápátá sí ohun tí ènìyàn ìbá rò. Bí a bá kán omi sí orí irin bẹ́ẹ̀, omi náà kì í dún, bẹ́ẹ̀ ni kì í yára gbẹ. Ṣe ni yóò ká jọ roboto bí ìlẹ̀kẹ̀, tí yóò máa yí gbirigbiri káàkiri ojú irin náà bí ẹni tí ń jó, tí yóò sì pẹ́ níbẹ̀ ju ẹ̀kán omi tí a kán sí orí irin tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i lè pè é ní eré ọmọdé. Kì í ṣe eré rárá. Láti ọdún 1756 ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣọ́ ẹ̀kán omi yìí lójú méjèèjì, ó sì di ọdún 1934 kí a tó rí ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lójú kan náà. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ìmọ̀ yìí di ohun tí ẹ̀mí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rọ̀ mọ́. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ kò ṣòro láti bi: bí ó bá jẹ́ pé omi ni ó ń mú irin tutù, èé ti ṣe tí ó fi jẹ́ pé irin tí ó nílò omi jù lọ gan-an ni apá omi kì í ká?

Kì í ṣe pé ojú kan kò rí i ṣáájú 1756. Àwọn alágbẹ̀dẹ gbogbo ayé ti ń rí i láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nínú ìwé pàápàá, Herman Boerhaave, oníṣègùn àti ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Leiden ní ilẹ̀ Holland, ti mẹ́nu bà á ní 1732, nígbà tí ó kán ọtí líle sí orí irin gbígbóná tí ọtí náà kò sì gbiná. Ṣùgbọ́n ó mẹ́nu bà á lásán ni, kò jókòó tì í. Ẹni tí ó jókòó tì í ni Johann Gottlob Leidenfrost.

Ọdún 1715 ni a bí ọkùnrin yìí, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Jámánì lónìí. Ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ni ó kọ́kọ́ dáwọ́ lé kí ó tó yà sí ìmọ̀ ìṣègùn. Láti 1743 ni ó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Duisburg, ní ìlú náà ni ó sì wà títí ó fi kú ní 1794. Ní 1756, ó tẹ ìwé kan jáde ní èdè Látíìnì, èdè tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ìgbà náà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, lórí díẹ̀ nínú àwọn ìwà omi lásán. Omi lásán! Kì í ṣe wúrà, kì í ṣe oògùn olówó iyebíye. Omi tí tolówó tòtòṣì ń mu ni ọ̀jọ̀gbọ́n yìí fi ṣe kókó ìwé rẹ̀.

Ohun èlò rẹ̀ kò ju ti ilé ìdáná lọ. Ó gbé ṣíbí irin kan lé orí ẹyin iná títí ó fi pọ́n, ó sì kán ẹ̀kán omi kan ṣoṣo sínú rẹ̀. Ó so ìwúwo kan rọ̀ tí ń fì síwá sẹ́yìn, èyí ni ó fi ń ka àkókò. Ẹ̀kán kìíní gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kí ó tó tán. Nígbà tí yóò fi tán, ṣíbí ti rọlẹ̀ díẹ̀ nínú ìgbóná rẹ̀. Ẹ̀kán kejì kò lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Kí a tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò: bí ṣíbí ti ń tutù sí i, bẹ́ẹ̀ ni omi ń yára gbẹ sí i. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí tí kò yà á lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé e ni.

Leidenfrost tún ṣe ohun kan tí ó fi bí ojú rẹ̀ ti mú tó hàn. Ó gbé iná àbẹ́là sí ẹ̀yìn ẹ̀kán omi náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó ní iwájú. Ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là ń gba àárín omi àti ṣíbí kọjá. Ìtumọ̀ èyí ni pé omi náà kò fara kan irin rárá. Àlàfo wà láàárín wọn. Nínú àlàfo tín-ín-rín yẹn ni gbogbo àṣírí ọ̀rọ̀ náà wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò tú u dé ìdí. Nígbà tí omi bá gbẹ tán, ó máa ń rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀ nínú ṣíbí, ó sì tìtorí bẹ́ẹ̀ gbà pé iná a máa sọ apá kan nínú omi di erùpẹ̀. Èrò àtayébáyé kan ni èyí, òun nìkan kọ́ ni ó sì gbà á gbọ́. Antoine Lavoisier, ní ilẹ̀ Faransé, ni ó fi ìdánwò kan tí ó gba ọjọ́ 101 gbáko fi hàn ní 1770 pé omi kì í di erùpẹ̀. Kí a má ṣe tìtorí èyí fi Leidenfrost ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí kò yẹ̀; ìtumọ̀ tí ó fún un ni ó yẹ̀. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi ń pe ijó tí omi ń jó lórí irin gbígbóná.

Ó ṣe kòńgẹ́ pé ní ọdún 1756 yìí kan náà, ní ilẹ̀ Scotland, oníṣègùn mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Cullen tẹ àròkọ kan jáde lórí òtútù tí nǹkan olómi máa ń mú wá nígbà tí ó bá ń gbẹ. Ó fi hàn pé bí a bá fa afẹ́fẹ́ kúrò lórí àwọn olómi kan tí ó máa ń yára gbẹ, ibi tí wọ́n wà a máa tutù débi pé omi tí ó yí wọn ká lè di yìnyín. Ìdí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilé Yorùbá. Àmù tí a fi amọ̀ mọ, tí a gbé sí kọ̀rọ̀ ilé, a máa làágùn. Omi ń gba ara amọ̀ yọ díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn ń gbé e lọ, èyí tí ó kù nínú àmù a sì tutù nini ju omi inú páànù lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni òógùn ṣe ń tu ara àgbẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Omi kì í gbẹ lọ́fẹ̀ẹ́; ìgbóná ohun tí ó bá wà lórí rẹ̀ ni ó ń jẹ kí ó tó lè fò lọ.

Elélòó ni ìgbóná tí ó ń jẹ náà? Joseph Black, tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Cullen rí, ni ó wọ̀n ọ́n. Ní Glasgow, ní nǹkan bí 1762, ó gbé omi ka orí iná tí agbára rẹ̀ kò yí padà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 ni omi náà gbà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kí gbogbo rẹ̀ tó gbẹ. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 20 yẹn, omi tí ń hó náà kò gbóná ju bí ó ti gbóná nígbà tí ó kọ́kọ́ hó lọ. Níbo wá ni gbogbo iná tí ó ń jẹ ń wọ̀ sí? Black dáhùn pé ó fara pamọ́ sínú oru, ìyẹn èémí omi tí ń ta ìdérí ìkòkò sókè. James Watt, tí ń tún ohun èlò ṣe ní Yunifásítì Glasgow nígbà náà, jàǹfààní nínú ìmọ̀ yìí nígbà tí ó ń ronú lórí ẹ̀rọ oru tí ó gba àṣẹ lé lórí ní 1769. Ìṣirò òde òní kò jìnnà sí ti Black. Láti mú kìlógíráàmù omi kan láti 0°C dé 100°C, agbára tí ó tó nǹkan bí kìlójúùlù 419 ni a óò ná. Láti sọ omi kan náà di oru pátá, a óò ná 2,257, ó lé ní ìlọ́po márùn-ún.

Èyí ni ó jẹ́ kí ẹ̀kán omi kékeré jẹ́ akọni lójú irin gbígbóná. Bí ó bá lè fara kan irin, tí ó tẹ́ sí i lára, tí ó sì hó, ìgbóná tí yóò gbà lọ́wọ́ irin kò ní àfiwé pẹ̀lú ti atẹ́gùn. Ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́ bí ó bá lè fara kan án. Nígbà tí irin bá gbóná tó nǹkan bí 200°C (iye náà a máa yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ojú irin náà bá ti dán tàbí ti rí ṣákaṣàka), ìsàlẹ̀ ẹ̀kán omi a di oru kí ìyókù rẹ̀ tó balẹ̀. Oru yìí a tẹ́ ara rẹ̀ bí ẹní sí abẹ́ omi, kò sì nípọn ju nǹkan bí ìdámẹ́wàá mìlímítà kan lọ. Ṣùgbọ́n oru kì í tètè gbé ìgbóná kọjá. Omi fúnra rẹ̀ fi ohun tí ó lé ní ìlọ́po 20 dára jù ú lọ nínú iṣẹ́ yẹn. Nítorí náà, ẹní tín-ín-rín yìí di odi. Omi wà lókè, kò jóná. Irin wà nísàlẹ̀, kò tutù. Omi fi ara rẹ̀ dènà ara rẹ̀. Èyí ni ohun tí ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là Leidenfrost ń gbà kọjá.

Alágbẹ̀dẹ kò ka ìwé Látíìnì, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé irin tí a bá kàn tì bọ omi tí a sì dì í mú sójú kan kì í le dọ́gba. Nítorí náà ni ó ṣe máa ń fi ẹ̀mú ju ojú àdá tàbí ọkọ́ síwá sẹ́yìn nínú omi. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń fa aṣọ oru ya kúrò lára irin kí omi lè tètè bá a. Ibi tí oru bá faramọ́ jù a máa rọ̀, ibi tí omi bá kọ́kọ́ dé a máa le, ìjà àárín méjèèjì a sì lè la irin náà. Iyọ̀ tí àwọn alágbẹ̀dẹ ibòmíràn máa ń bù sí omi náà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe: ó ń mú kí aṣọ oru náà tètè fàya.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí ẹ̀rọ oru ti gba orí omi àti orí ilẹ̀ kan, tí ìkòkò ńláńlá tí a fi ń se oru sì ń bú gbàù, tí ó ń pa èrò inú ọkọ̀ àti òṣìṣẹ́, ẹ̀kán omi tún di ohun tí a ń fọkàn sí. Ará Faransé kan tí ń ta oògùn ní ìlú Évreux, Pierre Hippolyte Boutigny, ni ó gbé e ga jù lọ láti nǹkan bí 1840 lọ. Ó jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn àṣehàn. Ní 1845, ní ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Cambridge, ó gbé abọ́ kan sínú iná títí tí abọ́ náà fi pọ́n, ó da olómi kan tí ó tutù gan-an sínú rẹ̀, ó bu omi sí i, ó sì mú yìnyín jáde nínú abọ́ pípọ́n náà. Ó tún ròyìn pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi lè fi ọwọ́ gba inú irin yíyọ́ kọjá ní wéré láìjóná. (Kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má ṣe dán èyí wò, bí oru náà bá já mọ́ ọn lọ́wọ́, ọwọ́ lọ nìyẹn.) Boutigny rò pé ẹ̀kán omi tí ń jó yìí ni ó ń fa bíbú àwọn ìkòkò oru: bí omi inú ìkòkò bá lọ sílẹ̀, tí irin rẹ̀ pọ́n, omi yóò kọ́kọ́ léfòó láìhó, bí irin bá wá tutù díẹ̀, gbogbo omi náà yóò bá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, oru yóò sì ya bo ìkòkò. Kì í ṣe gbogbo ìjàǹbá ni ọ̀nà yìí lè ṣàlàyé, nítorí irin tí kò dára àti ìpata pa ènìyàn ju ìyẹn lọ. Síbẹ̀, ó rí ohun kan tí àwọn ẹlòmíràn kò rí, pé ìgbà tí irin bá ń tutù bọ̀ lè léwu ju ìgbà tí ó gbóná jù lọ.

Ẹni tí ó wá to gbogbo rẹ̀ jọ ni Shiro Nukiyama, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Tohoku ní ìlú Sendai, ní ilẹ̀ Japan. Ní 1934, ó ri wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú omi tí ń hó, ó sì rán iná mànàmáná gba inú rẹ̀, ó ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí iná ti ń pọ̀ ni omi ń hó kíkankíkan sí i, tí ó sì ń gba ìgbóná kúrò lára wáyà sí i. Wáyà náà kò fi ìwọ̀n púpọ̀ gbóná ju omi lọ. Ó dé ibì kan, Nukiyama fi ìba díẹ̀ kún iná, wáyà náà sì pọ́n lójijì nísàlẹ̀ omi, ó yọ́, ó já. Kò sí ohun tí ó yí padà nínú omi. Ìhó rẹ̀ ni ó pọ̀ débi pé oru kò rí àyè kúrò mọ́, ó sì di aṣọ tí ó bo wáyà náà.

Nukiyama kò dúró níbẹ̀. Ó mú wáyà platinum, tí kì í tètè yọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Èyí pọ́n nínú omi, kò sì já. Ó wá ń dín iná kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ìbá rò pé bí iná bá ti lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí wáyà ti pọ́n, yóò padà tutù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wáyà náà ń pọ́n lọ, iná ń dín kù lọ, títí ó fi lọ jìnnà sísàlẹ̀ kí aṣọ oru tó fàya, kí omi tó bá a, kí ó sì tutù ní wàrà. Ọ̀nà tí ó gbà gòkè kọ́ ni ó gbà sọ̀kalẹ̀. Lára omi lásán tí ń hó, ìgbóná tí ó pọ̀ jù tí a lè gbà kúrò kí wáyà tó fò sí òdìkejì tó nǹkan bí wáàtì 1,000,000 lórí mítà kan níbùú lóòró. Láti ọjọ́ náà ni àwọn tí ń kọ́ ẹ̀rọ ti ní ààlà kan tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Níbo ni ààlà yìí ti ṣe pàtàkì jù? Nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí ń fi agbára átọ́míìkì pèsè iná mànàmáná. Nínú wọn ni ọ̀pá uranium wà lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, tí omi ń ṣàn yí ká, tí ìgbóná wọn kì í sì í tán lọ́jọ́ tí a bá pa ẹ̀rọ. Bí páìpù bá bẹ́, tí omi sì dànù, a gbọ́dọ̀ da omi mìíràn sí i kíákíá. Ṣùgbọ́n ṣé omi náà yóò lè fara kan àwọn ọ̀pá tí ó ti gbóná tó bẹ́ẹ̀? Ní 1970, ní Idaho ní Amẹ́ríkà, a dán an wò nínú àwòṣe kékeré kan tí a fi iná mànàmáná mú gbóná. Oru tí ó wà nínú rẹ̀ lé èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi pàjáwìrì náà jáde gba ojú ibi tí ó bẹ́, kò jẹ́ kí ó dé àárín. Ariyanjiyan ńlá bẹ́ sílẹ̀. Láti 1972 wọ 1973 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi gbọ́ ẹ̀rí àwọn onímọ̀ ní gbangba, ọ̀rọ̀ àwọn kan nínú wọn sì ta ko ti àwọn ọ̀gá wọn. Ní 1974 ni òfin jáde pé ìgbóná awọ irin ara ọ̀pá náà kò gbọdọ̀ kọjá 1,204°C nínú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀. Ní ìwọ̀n yẹn, ẹ̀kán omi kò lè fara kan irin. Ṣe ni a ń retí kí omi máa jagun láti ìsàlẹ̀ gòkè, kí ó kọ́kọ́ mú etí ibi tí ó tutù díẹ̀, kí ó sì máa ti ààlà náà síwájú díẹ̀díẹ̀.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, 1979, ní Three Mile Island ní Pennsylvania, àwọn òṣìṣẹ́ dín omi pàjáwìrì kù nítorí wọ́n rò pé omi ti pọ̀ jù nínú ìkòkò. Nǹkan bí ìdajì àárín ẹ̀rọ náà ni ó yọ́. Ní 2011, lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ àti ìbìlù òkun ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, iná mànàmáná kú ní Fukushima, ní nǹkan bí 100 kìlómítà péré sí Sendai tí Nukiyama ti rí wáyà rẹ̀ tí ó já. Àárín ẹ̀rọ mẹ́ta yọ́. Awọ irin gbígbóná bá oru jà, ó mú afẹ́fẹ́ tí ń gbiná jáde, ilé sì bú. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, ọkọ̀ òfurufú ológun ń da omi láti òkè sí orí ọ̀kan nínú àwọn ilé tí ó fọ́ náà. Gbogbo ayé ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n bí atẹ́gùn ti ń fọ́n púpọ̀ nínú omi náà dànù.

Ìwádìí kò tíì dúró. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ní City University ní Hong Kong, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti ilẹ̀ òkèèrè, kéde pé àwọn ti ṣe ojú irin kan tí omi ń fara kàn títí dé ibi tí ó lé ní 1,100°C. Wọ́n gbin òpó irin wẹ́wẹ́ sí ojú rẹ̀ láti gbé ìgbóná wá bá omi. Wọ́n tẹ́ okùn wẹ́wẹ́ tí kì í gbé ìgbóná, tí ó sì ń fa omi mu bí òwú, sáàárín àwọn òpó náà. Lábẹ́ okùn yìí ni wọ́n la ihò sí, kí oru lè gba ibẹ̀ jáde láìgbé omi sókè. Ẹ̀kán omi tí wọ́n kán sí i kò ká jọ, kò sì jó. Ó tẹ́, ó hó, ó sì gbẹ.